Àwọ̀n Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Ilẹ̀ ti mọ́ kedere kí Àṣá tó wa ọkọ̀ rẹ̀ dé èbúté, àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti dúró dè é létí omi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtikékeré kò kí i. Ó nawọ́ sínú ọkọ̀, ó fa àwọ̀n kan jáde. Ike pupa ló ń mú àwọ̀n náà léfòó. Ti Àṣá, ike dúdú ni.

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé lóṣù yìí," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Tí nǹkan ò bá rọgbọ, ṣé o ò lè sọ ni?"

Ojú ti Àṣá, ó sorí kọ́, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ náà gan-an ò hàn sí i dáadáa.

Nígbà èwe rẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Àṣá, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ rí ibi tí ẹja gbé wà lójú omi. Àmọ́ ó ti tó ọdún méjì báyìí tí nǹkan bí èéfín ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó fẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tu itọ́ funfun. Lójú tirẹ̀, kí wọ́n pe òun lólè sàn ju kí wọ́n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé apẹja tí ò ríran lòun. Ẹ ò rí nǹkan! Ìtìjú a máa mú àgbàlagbà ronú bí ọmọdé.

Alága ní kí gbogbo wọn pàdé ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ lọ́sàn-án. Bí Àṣá bá jẹ̀bi, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé lóòótọ́ lẹ jí àwọ̀n?"

"Jẹ́ kí wọ́n máa wí."

"Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n máa wí. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n máa pè lọ́mọ olè."

Àṣá jáde láìfọwọ́ kan oúnjẹ.

Ní ọ́fíìsì, akọ̀wé ẹgbẹ́, ọ̀dọ́mọbìnrin tó máa ń wọn ẹja, gbé ìwé orúkọ àwọn tó wá sípàdé fún un kó fọwọ́ sí.

"Bàbá, orí orúkọ alága lẹ kọ tiyín lé." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ojú yín ńkọ́? Mo ti ń kíyè sí i. Ẹ máa ń fọwọ́ pa ẹja kẹ́ ẹ tó dárúkọ ẹ̀."

Ó wu Àṣá kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Ìjọba ní ètò ìrànwọ́ fún apẹja tí àìsàn bá mú kó tètè fẹ̀yìn tì," ni akọ̀wé wí. "Wọ́n á máa fún yín lówó oúnjẹ, wọ́n á sì tọ́jú ojú yín."

"Èmi ò ṣagbe láyé mi."

"Ta ló ń ṣagbe? Ọdọọdún lẹ̀ ń gba ìwé àṣẹ ìpẹja. Torí irú yín ni wọ́n ṣe dá ètò náà sílẹ̀. Ìwé àṣẹ yẹn, ìwé dókítà àti ẹ̀rí ẹgbẹ́ ni wọ́n ń béèrè, fọ́ọ̀mù ò sì gba kọ́bọ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá lé yín kúrò bí olè lónìí, ẹgbẹ́ ò ní lè jẹ́rìí sí yín mọ́."

Nígbà tí gbogbo wọn jókòó, Àṣá dìde.

"Mi ò jalè. Ojú mi ni ò ríran mọ́. Mi ò mọ àwọ̀n yín yàtọ̀ sí tèmi."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún méjì."

"Ọdún méjì, o ò sọ fún mi. Èmi náà sì pè ọ́ lólè lójú gbogbo ayé." Ó yíjú sí alága, ó ní kí wọ́n má yọ orúkọ Àṣá, alága sì gbà.

Akọ̀wé bá a kọ fọ́ọ̀mù, ọ̀rẹ́ náà sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún, á sì là. Ní ti òsì, ó ní ó ti pẹ́ jù, ká ní wọ́n tètè wá ni.

Ẹ̀yin apẹja, ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí ojú, ẹ̀yìn tàbí apá bá ń dà yín láàmú, ẹ sọ fún ará ilé yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tàbí ọ́fíìsì ìjọba tó sún mọ́ yín bóyá ètò ìfẹ̀yìntì wà fún yín. Ẹ tọ́jú ìwé àṣẹ yín. Ẹ má sì jẹ́ kó tó ọdún méjì.