Apá Ọ̀tún Fọ́tò Náà

"Ka èyí tó kàn fún mi," ni Màmá Aránṣọ wí.

Fọ́tò ló ní kí wọ́n kà o, kì í ṣe ìwé. Ojú màmá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Nítorí náà, bí ilé ìwé bá ti jáde, ọmọbìnrin tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Akófọ́tò yóò gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá rẹ̀ lókè, yóò jókòó tì í, yóò sì máa fẹnu ṣàlàyé ohun tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù fún un.

Ẹni tó ni álíbọ́ọ̀mù yẹn tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ẹni kékeré. Gbajúmọ̀ òṣèré sinimá ayé àtijọ́ ni. Màmá Aránṣọ ló rán aṣọ tó fi ń ṣeré fún ogún ọdún, nígbà tí ọlọ́jọ́ sì dé, òṣèré náà fi fọ́tò mọ́kànlélógójì sílẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló fi kálàmù kọ ọjọ́ sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìfẹ́ òṣèré yìí ń pa Akófọ́tò bí ọtí, àmọ́ àwòrán inú ìwé ìròyìn nìkan ló ní.

"Èyí tí wọ́n yà nínú ọgbà nìyí, mà. Òṣèré dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Ọmọ kékeré kan wà lápá ọ̀tún, ó di aṣọ rẹ̀ mú."

Màmá Aránṣọ á na ọwọ́, á fi àtàǹpàkò kan apá ọ̀tún fọ́tò náà. "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣí i lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni lójoojúmọ́. Akófọ́tò kò sì béèrè rí pé ọmọ ta ni.

Àwọn ọmọbìnrin márùn-ún ló wà nínú ẹgbẹ́ akófọ́tò-sinimá-jọ ní ilé ìwé wọn. Ààrẹ wọn, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. "Lọ́jọ́ Ẹtì, a máa gbé fọ́tò wa kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn," ló wí. "Ìwọ Akófọ́tò, ṣé ìwé ìròyìn náà lo tún máa gé wá?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ yìí wọ egungun.

"Mo ní ojúlówó," ó dáhùn. "Èyí tó jẹ́ ti òṣèré fúnra rẹ̀ rí!"

"Irọ́ pọ́ńbélé! Mú un wá ká rí i. Òun nìkan ló gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀ o. Àwòrán èrò ò wọ ògiri wa."

Ká ní ó tọrọ rẹ̀ ni, bóyá màmá ì bá yá a. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á kí màmá má kọ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó yọ fọ́tò inú ọgbà náà, nítorí èrò ló yí òṣèré ká nínú gbogbo àwọn yòókù, ó kì í bọ inú ìwé rẹ̀. "Màmá ò kúkú ríran," ó wí lọ́kàn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ń jáde látọkàn ọmọ tí màmá ń pè ní 'ọmọ mi'! Nígbà tó délé, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé ọmọ kékeré náà kúrò gbọnrangandan. Ó ju àgékù rẹ̀ sínú ike ìdalẹ̀nù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn akólẹ̀ gbé e lọ. Lọ́jọ́ náà, Akófọ́tò kò lọ sọ́dọ̀ màmá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, fọ́tò Akófọ́tò ló wà láàárín ògiri. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, Ààrẹ pàápàá gbá a mọ́ra. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn títí ó fi dé yàrá màmá, tó sì rọra dá fọ́tò padà sáyè rẹ̀.

"Èyí tí wọ́n yà nínú ọgbà nìyí, mà. Òṣèré dúró... ọmọ kékeré kan wà lápá ọ̀tún."

Màmá Aránṣọ na ọwọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ bọ́ sórí ìwé álíbọ́ọ̀mù lásán. Ó padà, ó tẹ̀ lé etí fọ́tò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Wọ́n ti gé e," ó wí. "Mo mọ etí ohun tí àlùmọ́gàjí bá gé. Iṣẹ́ mi ni. Ọmọ mi dà?"

"Ọmọ yín, mà?"

"Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni lọ́jọ́ yẹn. Ibà mú un lọ kí ọdún tó yí po. A ò ya òmíràn fún un rí, fíìmù tí wọ́n fi ya fọ́tò náà sì ti bàjẹ́ tipẹ́."

Akófọ́tò wólẹ̀, ó jẹ́wọ́, ó sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ n lọ wá a!" Ó sáré dé ààtàn. Èéfín àti eérú ló bá níbẹ̀.

Nígbà tó padà, màmá ti pa álíbọ́ọ̀mù dé, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

"Gbé e lọ."

"Mà?"

"Òṣèré lo fẹ́, òun ló kù síbẹ̀. Èmi ò ní ohun tí mò ń wò níbẹ̀ mọ́. Má sì wá lọ́la."

Kò pariwo, kò ṣépè. Ó kàn ti ilẹ̀kùn.

Báyìí ni Akófọ́tò ṣe di ẹni tó ní ojúlówó mọ́kànlélógójì, tí kò sì lè ṣí ọ̀kankan wò. Ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, ó rán ìyá rẹ̀ lọ bẹ màmá. Màmá ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ṣí. Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má torí ìyìn ẹgbẹ́ yín mú ohun tí ẹ kò tọrọ. Kí ẹ sì tó gé nǹkan sọnù, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, nítorí ohun tí ẹ̀yin ń pè ní àgékù lè jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn.