Ìpè tí Màámi Kò Gbé

Ànàmọ́ díndín tí Fèyíkẹ́ rà ti tutù sínú ọ̀rá, kò sì tíì jẹ ju ẹyọ mélòó kan lọ. Ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Bruma, ní ìlú Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà, ó kẹ́yìn sí títì, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n má baà rí i. Lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lódìkejì, Ọ̀gbẹ́ni Láolú ń kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìṣirò lọ́wọ́, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé. Ibẹ̀ ló yẹ kí Fèyíkẹ́ wà. Kò sí níbẹ̀ lónìí, kò sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn.

Kì í ṣe pé ọmọ náà ya ọ̀lẹ. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Láti ìgbà tó ti wà ní jẹ́léósinmi ni gbogbo ilé ti ń pè é ní dókítà, ìṣirò sì ni ẹnu ọ̀nà tí kò rí gbà kọjá. Nígbà tí Tẹjú ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún ní kíláàsì, ó ní, "Ìwọ náà, sinmi díẹ̀ jàre. Sọ fún ọ̀gá pé ara mọ́mì ẹ ò yá. Màá máa fi nóòtì ránṣẹ́ sí ẹ. Shap, kò séwu." Irọ́ náà kéré nígbà tí wọ́n pa á. Irọ́ kì í tóbi lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí i.

Ìyá tí wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá wà nínú mọ́tò níbi ìgbọ́kọ̀sí, ó ń sùn. Nọ́ọ̀sì ni Títílọpẹ́, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe ní ọsibítù kan ní Roodepoort. Bó bá ti jáde níbi iṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé, kì í ráyè sùn nílé. Á wá gbé ọmọ rẹ̀, á wakọ̀ la ìgboro Johannesburg já dé Bruma, á dá ìjókòó mọ́tò sẹ́yìn, á fi ìborùn bojú. Bí kíláàsì bá parí, á tún gbé ọmọ rẹ̀ padà sílé.

Mọ́tò náà kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn. Fèyíkẹ́ fúnra rẹ̀ ló so fóònù ìyá rẹ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ rà á wálé. Èèyàn á tẹ bọ́tìnì kan lára sítíárìn, á sọ ohun tó bá fẹ́: kó kọrin, kó júwe ọ̀nà, kó pe èèyàn lórí fóònù. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé, mọ́tò á kà á sókè ketekete. Fóònù kan ṣoṣo ló lè gbẹnu sọ fún lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí bá Títílọpẹ́ lára mu, torí kì í fọwọ́ kan fóònù nídìí ọkọ̀. Ó ti tọ́jú egungun àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní gbogbo Sátidé, lójú ọ̀nà àbọ̀, á tẹ bọ́tìnì, á ní, "Kọ́ọ̀lù Màámi," ohùn ìyá rẹ̀ á sì jáde láti Iléṣà, á kún inú mọ́tò. Màámi á rẹ́rìn-ín pé ayé mà ti dé ibi tí ọmọ òun ń rán irin níṣẹ́, tí irin sì ń jẹ́ ẹ.

Ibi tí Fèyíkẹ́ ti ń wo ànàmọ́ tó tutù ni fóònù rẹ̀ ti dún. Bàbá rẹ̀ ni, Gbóyèga, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ ní Rustenburg, tí wọn kì í rí nílé àfi lópin ọ̀sẹ̀. Fèyíkẹ́ rò pé àṣírí ti tú.

"Ṣé o ti jáde síta kíláàsì?" ni bàbá rẹ̀ bèèrè. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fèyíkẹ́, fọkàn balẹ̀ kí o gbọ́ mi. Màámi ti lọ. Ìdájí òní ni."

Bàbá rẹ̀ ní kó sunkún bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó bọ́jú kó tó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé àwọn ẹ̀gbọ́n Títílọpẹ́ ló pe òun, pé wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn kò ní pe àbúrò àwọn. Òun alára ti wà lọ́nà. Alàgbà Ọláfẹ́mi àti ìyàwó rẹ̀, ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn, á ti máa dúró nílé. Ìgbà tí Títílọpẹ́ bá ti jókòó, tó ti fi nǹkan kan ẹnu, ni wọ́n á tó sọ ọ́ fún un.

"A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà nídìí ọkọ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ìdí tí mo fi pè ẹ́ nìyẹn. Wọn ò ní pè é. Òun fúnra ẹ̀ ló máa pè wọ́n. O mọ̀ ọ́n. Yọ fóònù ẹ̀ kúrò lára mọ́tò, so tìẹ mọ́ ọn. Bó bá bèèrè, sọ pé orin lo fẹ́ gbọ́. Ọwọ́ ẹ ni mo fi í sí o."

Ọmọ náà ní òun ti gbọ́. Ó sunkún díẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi ṣọ́ọ̀bù, ó bọ́jú. Bó ṣe ń nu ojú lọ́wọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ Tẹjú wọlé: "Fèyí, wàhálà dé o. Ọ̀gá ń bèèrè mọ́mì ẹ. Ó lóun máa pe nọ́ńbà ẹ tí kíláàsì bá parí, kóun lè kí wọn, kóun gbàdúrà fún wọn." Òmíràn tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀lé e.

Fèyíkẹ́ dúró gbagidi. Bó bá so fóònù rẹ̀ mọ́ mọ́tò, gbogbo èyí ni mọ́tò máa kà sétí ìyá rẹ̀. Bí Ọ̀gbẹ́ni Láolú bá sì pè, inú mọ́tò yẹn gan-an ni yóò ti máa kí aláìsàn tí kò ṣàìsàn. Ọ̀nà míì wà. Ó lè pe bàbá rẹ̀ padà, kó jẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn rí ọ̀nà. Àwọn àgbà ní bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Iná fẹ́ jó Fèyíkẹ́, ó fẹ́ jó ìyá rẹ̀. Ti ara rẹ̀ ló gbọ̀n. Ó pa fóònù rẹ̀ kú pátápátá, ó jù ú sísàlẹ̀ báàgì. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé òun á máa bá ìyá òun tàkúrọ̀sọ títí àwọn á fi délé, kò ní ráyè pe ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ̀ jí nígbà tó kan gíláàsì. Ojú rẹ̀ wú, àpá ìborùn hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó bèèrè bóyá kíláàsì dáa, Fèyíkẹ́ ní ó dáa. Ó bèèrè ohun tó mú ojú rẹ̀ pọ́n, Fèyíkẹ́ ní oorun ni. Wọ́n gbéra.

Ọmọ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ó sọ ti ilé ìwé, ó sọ ti irun tó fẹ́ ṣe, ó sọ ti ẹ̀kọ́ tí kò kọ́. Ìyá rẹ̀ kàn ń ṣe hùn-ún, hùn-ún. Nígbà tí wọ́n dé ìtòsí Jeppestown, róbọ́ọ̀tì, ìyẹn iná ojú títì, dá wọn dúró. Títílọpẹ́ yán, ó yán títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Oorun yìí fẹ́ pa mí," ló wí. "Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn màmá mi, kí oorun lè dá lójú mi."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká délé ná."

"Kí ló dé?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a ò tíì dán wò. Ẹ̀yin ọmọ Joburg yìí, ó ti sú yín láti máa kí àgbà."

Róbọ́ọ̀tì tan àwọ̀ ewé, wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà ńlá. Títílọpẹ́ tẹ bọ́tìnì, ó ní, "Kọ́ọ̀lù Màámi." Mọ́tò dá a lóhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe máa ń ṣe, pé òun ń pè é lọ́wọ́. Ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Fèyíkẹ́ mí kanlẹ̀. Àyè ṣì wà fún un láti ní kí ìyá òun yà sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ó kàn ń wo àwọn òkè yẹ̀pẹ̀ tí àwọn awagóòlù àtijọ́ kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú.

"Màámi kì í ṣe báyìí," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì tún pè.

Fasilat ló gbé e, ọmọbìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ Màámi, tó ń bá a dáná. Àwọn àgbà ilé gbàgbé láti kìlọ̀ fún Fasilat. Òun rò pé wọ́n ti sọ fún ẹni tó pè.

"Àǹtí Títí, ẹ kú ará fẹ́ra kù," ló wí pẹ̀lú ẹkún. "Wọ́n fẹ́ gbé Màámi lọ sí mọ́ṣúárì. Aṣọ wo ni ká fún wọn?"

Ohùn náà jáde láti iwájú, láti ara àwọn ilẹ̀kùn, láti ẹ̀yìn. Kò síbi téèyàn lè yíjú sí tí kò ní bá a níbẹ̀. Ọwọ́ Títílọpẹ́ le mọ́ sítíárìn bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ rì sómi. Kò wo iwájú mọ́, ara mọ́tò níbi tí ohùn ti ń jáde ló ń wò. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í sún lọ sétí ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ha irin tí wọ́n fi ṣe ọgbà síbẹ̀, ó ń han gooro. Fèyíkẹ́ di sítíárìn mú, ó ń bẹ ìyá rẹ̀ kó tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ rí bíréèkì níkẹyìn, wọ́n dúró.

Takisí kan tó kún fún èrò fọn fèrè kíkankíkan, ó yà wọ́n sílẹ̀, ó dúró níwájú. Awakọ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tìbínú-tìbínú. Nígbà tó rí obìnrin tó wọṣọ nọ́ọ̀sì tó ń gbọ̀n, ìbínú rẹ̀ rọ̀. "Eish, Mama, sorry," ló wí, ó sì ran Fèyíkẹ́ lọ́wọ́ láti mú un jáde lọ jókòó sórí koríko. Lẹ́yìn náà ó bá tirẹ̀ lọ, torí èrò ń dúró dè é.

Títílọpẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú. Agbára ariwo kò sí lára rẹ̀. Nígbà tó yá, ó wo ọmọ rẹ̀.

"O ò ta gìrì," ló wí. "Ṣé o ti mọ̀ ni?"

Fèyíkẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti kíláàsì tí kò lọ, àti àìsàn tí wọ́n purọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, àti iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ rán an tí kò jẹ́. Ó ń retí àbàrá. Àbàrá ìbá sàn.

"Ó rẹ̀ mí, Fèyíkẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Màmá mi dàgbà. Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan á dé. Àmọ́ nígbà tí wọ́n máa sọ ọ́ fún mi, sítíárìn ni mo rí dì mú. Kò séèyàn."

Nígbà tí ara rẹ̀ dẹ́kun gbígbọ̀n, ó rọra wakọ̀ dé ilé wọn ní Roodepoort, kò tẹ bọ́tìnì kankan. Mọ́tò Alàgbà Ọláfẹ́mi ti wà lẹ́nu géètì, ti Gbóyèga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Títílọpẹ́ nu ojú, ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n wá ṣe." Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bèèrè ohun tó ha mọ́tò lára, ó ní oorun ló gbé òun lọ.

Wọ́n ṣe é bó ti yẹ kí wọ́n ṣe é. Wọ́n fún un lómi, wọ́n ní kó jẹun, ó tọ́ ọ wò. Ìyàwó alàgbà sún mọ́ ọn lórí àga. Alàgbà Ọláfẹ́mi bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè, ó bèèrè iṣẹ́ òru, ó sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ó sọ̀rọ̀ àǹfààní kí ọmọ sin ìyá dípò kí ìyá sin ọmọ, kó tó wá ní, "Ìyá ti lọ sinmi." Títílọpẹ́ sunkún, ìyàwó alàgbà sì gbá a mọ́ra. Fèyíkẹ́ tó dúró lẹ́bàá ògiri rí ohun tí àwọn yòókù kò rí: ẹkún náà ti gbó. Èyí tó yẹ kí ìyá rẹ̀ sun láàárín èèyàn, ó ti sun ún tán sórí koríko etí títì.

Gbóyèga nu ojú tirẹ̀ náà. Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Ẹ bá mi kí ọmọ yìí," ló wí fún àwọn àlejò. "Òun ni mo fi í lé lọ́wọ́. Òun ló mú un délé láìjẹ́ kó gbọ́. Ọmọ tó tó rán níṣẹ́ ni."

Àlejò méjèèjì kí i, wọ́n ní Ọlọ́run á wò ó. Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀, kò tú àṣírí ọmọ rẹ̀. Ó ti ṣetán láti gbé ìyẹn náà kún ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ara Fèyíkẹ́ kò ti gbà á mọ́.

"Dádì, ẹ má kí mi," ló wí. "Mọ́mì ti gbọ́. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti gbọ́ ọ, èmi ni mo fà á." Ó sì kúnlẹ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ lójú wọn, kò dá Tẹjú lẹ́bi kó fi gba ara rẹ̀ là, kò dín in kù.

Alàgbà Ọláfẹ́mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò gbóhùn sókè. Ó ní ọmọ tó sá fún kíláàsì, kíláàsì ni wọ́n á mú un padà sí; ìyẹn kò le. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti ní ohun tó ń fi pamọ́ kò ní ọwọ́ tó ṣófo mọ́. Bí wọ́n bá gbé ohun iyebíye lé e lọ́wọ́, á jẹ́ kó bọ́, kí tirẹ̀ má baà bọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Fèyíkẹ́ fúnra rẹ̀ pe Ọ̀gbẹ́ni Láolú, ó sọ òtítọ́ fún un, ó sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìṣirò ń fojú òun rí nǹkan, kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó nà án. Wọ́n gbọ́ ọ. Ó wá yé e pé ì bá ti sọ ìyẹn láti ọjọ́ kìíní, wọn ì bá sì ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ̀yin ọmọ, àṣìṣe ò burú tó ohun tí a ń ṣe kí wọ́n má baà mọ̀ pé a ṣe é. Sọ ọ́ nígbà tó ṣì kéré. Títílọpẹ́ forí ji ọmọ rẹ̀, tọkàntọkàn ló sì fi forí jì í. Àmọ́ ìyá ẹni kì í kú lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n lè tún túfọ̀ rẹ̀ fún ni bó ṣe yẹ.