Fìlà Oníwáyà

Ìwé òfìfo ni ìyá aránṣọ kan ń wò, síbẹ̀ ìlà ojú ẹ̀rọ tó ń wọn ọpọlọ rẹ̀ ń fò sókè bíi ti ẹni tó ń ka ìwé tó le.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé ẹ̀kọ́ èdè yẹn nìyẹn. Kí ẹni tó ń kọ́ èdè tó kàwé rárá, wọ́n á dé e ní fìlà oníwáyà, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ wo ìwé tí kò sí nǹkan lára rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè mọ bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń sinmi. Torí àwọn ọmọ-ọmọ aránṣọ tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ ló ṣe wá kọ́ èdè tiwọn.

"Màmá, ẹ sinmi," ni ẹlẹ́rọ wí.

"Mo ń sinmi. Àbí kí n máa hanrun?"

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ìsinmi rí!"

Ẹlẹ́rọ fọwọ́ kan wáyà. "Bó ṣe ṣe fún olùkọ́ arúgbó tó lo fìlà yìí kẹ́yìn náà nìyí."

"Ṣé ó wá gbọ́ èdè náà?" ni aránṣọ bi í.

"Ó gbọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ní òun ò mọ ọkọ òun mọ́."

Òórùn ẹfun ìkọ̀wé gba imú aránṣọ. Ohùn àgbàlagbà kan rọra sọ̀rọ̀ létí rẹ̀: "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, sún fún mi díẹ̀."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni aránṣọ. Kó tó ronú, ó ti sún nínú orí ara rẹ̀, bí ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹlẹ́rọ ṣí fìlà náà, ó gbé e sórí tábìlì. Láti inú fìlà náà ni aránṣọ ti rí ara rẹ̀ tó dìde, tó ń gbọn ìka bí ẹni tó ń gbọn ẹfun ìkọ̀wé dànù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"O ṣé, ọmọ mi."

"Ìgbà wo ni mo di ọmọ yín?" Àbúrò bú sẹ́rìn-ín, ó fà á lọ́wọ́, wọ́n jáde.

Aránṣọ pariwo orúkọ àbúrò rẹ̀. Kò ní ẹnu. Lórí tábìlì, níbi tí kò sí orí kankan nínú fìlà, ìlà ojú ẹ̀rọ fò sókè.

"Fìlà yìí mà ti bàjẹ́," ni ẹlẹ́rọ ń kùn. Ó nù ún, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹni tó kàn, ẹ wọlé."

Aránṣọ gbọ́ ìró bàtà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tó lọ́wọ̀ tó, tí yóò fi bẹ ẹni tó ń wọlé pé kó sún fún òun díẹ̀.