Kọfí Tí A Kò Mu Ní Jọ́pà

Gbàlàkà, gbàlàkà, kíìn! Ìró ilẹ̀kùn irin yẹn ò kúrò létí mi dòní. Á yí, á yí, á wá há mọ́ ẹnì kan láyà, gbogbo ìlà á sì dúró. Àràárọ̀ la máa ń gbọ́ ọ ní ẹnubodè àwọn sójà láàárín Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àti Jerúsálẹ́mù, àwa ọkùnrin Bẹ́tì Jálà tí à ń lọ gbẹ́ òkúta fún àwọn akọ́lé. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi Sáltì ti kọ́kọ́ bá Híyàm sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò sì dáa.

Híyàm dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ìyá àgbà Júù kan tó ń jẹ́ Tírísà. Wọ́n wà lára àwọn obìnrin tó máa ń wá fojú ara wọn wo ohun tí àwọn sójà ń ṣe sí wa: ẹni tí wọ́n dá padà, ẹni tí wọ́n mú dúró sínú oòrùn. Ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún wọn. Ọmọ ilẹ̀ wa ni Híyàm ní tirẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì bíi tiwa, ará Jọ́pà létí òkun, lódì kejì ẹnubodè, tí kò nílò ìwé ìkọjá. Òun ló ń túmọ̀ fún Tírísà.

Wọ́n ti dá Sáltì dúró títí ara fi ta á.

"Ẹ kú ìran o," ó pariwo sí wọn. "Ẹ ò gbé hóró bàrà dání ni? Ìran láìsí hóró bàrà lẹ́nu ò dùn o!"

Híyàm wò ó látòkè délẹ̀. "Ó wà nínú báàgì mi," ó ní. "Àmọ́ mi ò kì í fún ẹni tí kò kí mi káàárọ̀."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Sáltì tí ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ wá tẹrí ba.

"Ẹ káàárọ̀," ó kùn.

Híyàm bọ́ ọwọ́ sínú báàgì, ó sì bu hóró bàrà sísun fún un lóòótọ́.

Látọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi ò kanjú àtikọjá mọ́. Bí ìlà bá ń yára, inú á bí i. Èmi ni mo máa ń tì í lẹ́yìn pé, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé iṣẹ́ lò ń lọ ni àbí ìran?"

Ó bi Híyàm léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ẹyinjú mi, kí ni wíwò yín yìí ń ṣe fún wa gan-an?"

"Nígbà míì, kò ṣe nǹkan kan," Híyàm dáhùn. "Nígbà míì, sójà á rí Tírísà, á rántí ìyá tó bí i. Àmọ́ ohun tí a bá rí, a máa ń sọ ọ́ bó ṣe rí. A kì í bù kún un, a kì í bù kúrò."

Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ra, ilé ò gbà fún wọn kíákíá. Bàbá Nákílè, àbúrò bàbá Sáltì, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kì í ṣubú lulẹ̀ nílé wọn.

"Ọmọ tó ń bá àwọn ìyá sójà dúró!" ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Àwọn ọmọbìnrin Bẹ́tì Jálà ti tán nílẹ̀ ni?"

Ní Jọ́pà, bàbá Híyàm, apẹja ni, ń kùn ní tirẹ̀. "Àna tí kò lè wá kí mi àfi tí sójà bá buwọ́ lù ú, irú àna wo nìyẹn?"

"Bàbá mi, èmi ni màá lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀," ni Híyàm wí. Ó sọ ọ́ lọ́sàn-án, ó sọ ọ́ lálẹ́, títí bàbá fi rọ̀.

"Ó dáa. Kí àwọn àgbà wọn wá tọrọ ọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ ọmọ ẹni iyì. Mo fẹ́ rí ojú wọn nínú ilé mi."

Bí àṣà tiwa ṣe rí nìyí. Wọ́n á gbé kọfí fún aṣáájú àwọn àgbà, òun á gbé ife náà kalẹ̀, kò ní fẹnu kàn án títí bàbá ọmọ á fi sọ pé, "Ẹ mu kọfí yín, ẹ ti gba ọmọ." Nígbà Àjíǹde, tí wọ́n máa ń fún àwa Kìrìsìtẹ́nì ní ìwé ìkọjá, a wọ kóòtù, a fá irùngbọ̀n, Bàbá Nákílè sì ṣáájú.

Àwọn sójà sọ pé ẹnubodè wà ní títì lọ́jọ́ náà, ìwé tàbí àìsíwèé.

Híyàm ò sí níbẹ̀, ilé ni ìyàwó máa ń jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tọrọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Tírísà wà níbẹ̀. Ìyá àgbà náà bá ọ̀gá sójà jà bí adìyẹ tó lọ́mọ lẹ́yìn, ó pe ibí lórí fóònù, ó pe ọ̀hún. Nígbà tó yá, ó fi ẹ̀rín sáré wá bá wa. Ọ̀gá ti gbà. Ènìyàn mẹ́rin péré: Bàbá Nákílè, Sáltì, èmi, àti àlùfáà wa.

Bàbá Nákílè wo àwọn àgbà tó kù. "Ènìyàn mẹ́rin? Ṣé ewúrẹ́ la fẹ́ lọ rà ni? Mi ò ní fi àánú sójà wọlé àna. Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Sáltì wí. "Wọ́n ń dúró dè wá."

"Tí o bá gba ilẹ̀kùn yẹn kọjá lẹ́yìn mi, má pè mí ní bàbá mọ́."

Mo fa Sáltì lápá. "Jẹ́ ká lọ! Èmi àti ìwọ àti àlùfáà tó!" Ó wo ilẹ̀kùn irin náà. Ó wo ẹ̀yìn bàbá tó ń lọ. Omi lé sójú rẹ̀.

"Ọjọ́ míì ṣì wà," ó ní. Ó sì yí padà.

Bàbá Nákílè ránṣẹ́ sí Jọ́pà pé àwọn sójà ò jẹ́ ká kọjá. Wọn ò bínú rárá. "Kí lẹ fẹ́ ṣe sí sójà?" ni bàbá Híyàm wí. "A ó tún ọjọ́ mìíràn dá." Ìgbà tí Tírísà pe Híyàm láti tù ú nínú ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Ìyá náà ò mọ̀ pé òun ń ba nǹkan jẹ́. Ó sọ ohun tó rí bó ṣe rí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn: pé ọ̀nà là fún ènìyàn mẹ́rin, pé àwọn fúnra wọn ló sì yí padà.

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sáltì nígbà tí fóònù dún.

"Sáltì, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ṣí i fún ọ?"

"Òótọ́ ni."

"O sì padà?"

"Òun ló tọ́ mi, Híyàm. Kí ni mo fẹ́ ṣe?"

"Lójoojúmọ́ ni mò ń dúró níbẹ̀, ẹ̀mí mi, tí mò ń wo àwọn tó ń wá ọ̀nà tí wọn ò rí. Ìwọ rí i." Híyàm bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ìyá mi se kọfí, ó dà á nù, ó tún òmíràn sè. Bàbá mi ò bọ́ kóòtù títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí sójà bá ṣe, ó lè dárí rẹ̀ jì. Èyí ò ṣeé sọ fún un, mi ò sì lè purọ́ fún un."

Kò tún gbé fóònù mọ́. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ó fẹ́ apòògùn kan ní Háífà. Èmi àti Sáltì wá sí Ṣílè ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará Bẹ́tì Jálà pọ̀ sí ju ti ilé lọ, a sì darúgbó síbẹ̀. Sáltì ò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá Nákílè kú sílé, Sáltì sì sunkún rẹ̀ bí ọmọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan láti ilé sọ fún wa pé Bíṣárà, ọmọ Híyàm, fẹ́ gbéyàwó, pé ọmọ Bẹ́tì Sáhúrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́tì Jálà ló fẹ́, ẹnubodè kan náà ló sì wà láàárín wọn. Sáltì ní kí n bá òun wá nọ́ńbà Híyàm. A jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Ó kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ó gbé e fún mi kà:

"Ìyá Bíṣárà, Sáltì ni. Ẹ kú oríire. Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn. Ẹ sáà bá mi sọ fún ọmọ pé bí wọ́n bá dá gbogbo àgbà padà lọ́nà, tó wá ku òun nìkan, kó máa lọ. Wọ́n ń dúró dè é."