Ọwọ́ Tó Di Áńtẹ́nà Mú

Òótọ́ ni. Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni kó gbà á gbọ́, mi ò sì ní búra. Mo ti jókòó nínú yàrá tó ti ṣẹlẹ̀. Mo mu tíì níbẹ̀. Mo fi ojú ara mi rí tẹlifísọ̀n náà. Avril Sugden fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, Avril kì í sì í ṣe òpùrọ́. Bó bá fẹ́ bú èèyàn, ojú ẹni náà ló ti ń bú u.

Ilé wọn ló kángun sí òkè ní òpópónà Tenter, ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilé ti tán tí pápá tútù ti bẹ̀rẹ̀. Òkè dí wọn lójú. Ohun tí gbogbo ìlú ń wò lórí tẹlifísọ̀n, yìnyín ni àwọn ń wò ní tiwọn: funfun wẹ́wẹ́ tó ń já lulẹ̀, tó ń ṣe ṣìììì bí ẹni ń dín nǹkan. Áńtẹ́nà orí òrùlé ò ran ọ̀rọ̀ náà. Wilf, bàbá Avril, ló wá mọ àṣírí ibẹ̀. Àlàfo tóóró kan wà láàárín ẹ̀yìn tẹlifísọ̀n àti fèrèsé. Bí èèyàn bá dúró síbẹ̀, tó gbé áńtẹ́nà kékeré sókè dọ́gba èjìká, àwòrán á dúró digbí. Bó bá gbé e lé etí fèrèsé, yìnyín. Bó bá so ó mọ́ ìṣó, yìnyín. Àfi ọwọ́ èèyàn.

Bó ṣe di pé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí ìjàkadì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Wilf á wọ inú àlàfo rẹ̀ nìyẹn. Ilé aró ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà nísàlẹ̀ òkè. Aró ti wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ débi pé ọṣẹ ò lè ṣí i mọ́. Ọwọ́ aró yẹn, tó di áńtẹ́nà mú lókè tẹlifísọ̀n, nìkan ni wọ́n máa ń kíyè sí lára rẹ̀ títí aago márùn-ún.

Àwọn mẹ́ta yòókù á wà lórí àga gígùn: Ìyá àgbà, tó bí Wilf, Edna, ìyàwó Wilf, àti Avril, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Iná èédú ń jó. Búrẹ́dì tí wọ́n fi ọ̀rá màlúù pa wà nínú àwo. Tẹlifísọ̀n á kọ́kọ́ gbóná ná. Òórùn eruku rẹ̀ á gba gbogbo yàrá, ohùn á dé, àwòrán á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀lé e. Avril ní títí dòní, bí òun bá gbọ́ òórùn eruku tó ń jó lórí gílóòbù níbikíbi, omi á lé sí òun lójú.

Fún ọdún mẹ́sàn-án, Wilf ò rí ìjàkadì ẹyọ kan. Ẹ̀yìn ló wà. Ìdí nìyẹn tí òfin kan fi wà nílé yẹn: ẹni tó ń wò gbọ́dọ̀ máa ròyìn fún ẹni tó di áńtẹ́nà mú.

"Ta ló ń borí?" Wilf á pè láti ẹ̀yìn.

"Olórí pípá ni!" Ìyá àgbà á máa fi irin tó fi ń hun súwẹ́tà gún afẹ́fẹ́. "Ó ti gbé e ṣánlẹ̀! Dìde, òpònú! Rẹfirí, ṣé o fọ́jú ni? Ó ń fún un lọ́rùn, Wilf!"

"Mọ́mì, ẹ rọra o, ẹ má gún ọmọ mi lójú."

"Panu mọ́, kóo di nǹkan mú dáadáa."

Edna á fi ọwọ́ bo ẹnu, á máa rẹ́rìn-ín. Avril á pariwo títí ọ̀rá búrẹ́dì á fi máa ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀. Kò sí ibi tó tún dára ju orí àga yẹn lọ láyé.

Ní oṣù kejì ọdún 1972, nígbà tí àwọn awakùsà tó ń wa èédú iná mànàmáná daṣẹ́ sílẹ̀, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ (bẹ́ẹ̀ ni, ní ilẹ̀ òyìnbó náà), Wilf ṣubú nínú ilé aró, kò sì dìde mọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni. Àwọn tó tọ́jú òkú fi ìbọ̀wọ́ funfun sí i lọ́wọ́ kí aró má baà hàn. Ìyá àgbà bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó jù ú sínú iná.

"Ọwọ́ ọmọ mi ò dọ̀tí," ó ní.

Sátidé méjì kọjá, wọn ò tan tẹlifísọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí aago mẹ́rin ku díẹ̀, Ìyá àgbà dìde, ó lọ tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," Edna ní. "A ṣì ń ṣọ̀fọ̀."

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Wilf ò fi ọdún mẹ́sàn-án dúró síbẹ̀ ká lè wá máa wo ògiri."

Yìnyín. Avril dìde, nítorí ó mọ̀ pé òun ló kàn báyìí. Áńtẹ́nà wà nílẹ̀, okùn rẹ̀ sì ká jọ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ méjì tí ṣìììì náà fi dákẹ́.

Àwòrán dúró. Ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Avril wo ilẹ̀. Okùn ò sí lórí kápẹ́ẹ̀tì mọ́. Ó le tantan, ó gba ẹ̀yìn tẹlifísọ̀n gòkè. Orí áńtẹ́nà sì yọ níbi tó máa ń yọ sí. Avril ò wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Jókòó," Ìyá àgbà ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Iwájú ni kóo máa wò."

Ó jókòó. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Aago ara ògiri ń dún. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ìsàlẹ̀ àwòrán. Ìyá àgbà họ ọ̀fun.

"Olórí pípá ló ń borí, Wilf."

Yìnyín náà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ náà. Tí wọ́n bá ròyìn, àwòrán á dúró. Tí wọ́n bá dákẹ́, á bàjẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, Edna máa ń gbọ̀n. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, òun náà ti ń bá rẹfirí jà. Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Avril. Bàbá rẹ̀ ò béèrè nǹkan kan mọ́. Ní gbogbo Sátidé ló ń retí kó gbọ́ "Ta ló ń borí?" láti ẹ̀yìn, kò sì gbọ́ ọ. Ó pinnu pé òun ò ní yé retí.

Edna ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Clifford, tó máa ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Clifford wọlé pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti háyà tẹlifísọ̀n náà, ó sì ti ní kí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù wá gbé e ní aago mẹ́rin ààbọ̀.

"Òkú kì í di áńtẹ́nà mú, Edna," ó ní.

"Ẹ jókòó, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ fojú ara yín wò ó."

"Mi ò ní bá yín jókòó sínú ẹ̀ṣẹ̀."

Ìyá àgbà ò gbójú kúrò lára ìjàkadì. "Clifford, ṣọ́ọ̀ṣì ni kóo ti lọ máa wàásù. Ilé ọmọ mi lo wà yìí."

"Ọmọ yín ti kú, mà."

"Ṣé ìwọ lo máa sọ fún mi ni? Èmi ni mo bí i, èmi náà ni mo sin ín. Bọ́ fìlà orí ẹ."

Clifford ò bọ́ fìlà. Ó kọrí sí ẹ̀yìn tẹlifísọ̀n. Avril fò dìde, ó na apá méjèèjì, ó dí ẹnu àlàfo náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Ó ní ṣe ni ẹ̀yìn ọrùn òun ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá dúró ti òun pẹ́kípẹ́kí.

"Kúrò lọ́nà, ọmọ yìí."

"Mi ò kúrò."

"Avril!"

"Mi ò kúrò, Ọ́ńkù! Ẹ ti gbé Dádì mi lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ò tún ní gbé e lọ."

Clifford tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ki apá ọ̀tún bọ ẹ̀yìn tẹlifísọ̀n, títí dé èjìká, láti já áńtẹ́nà gbà. Ó sì dúró síbẹ̀.

Àwòrán ò mì. Lójú tẹlifísọ̀n, àwọn oníjàkadì méjì ń bọ ara wọn lọ́wọ́ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Clifford ò mira. Ó pẹ́ kó tó fa apá rẹ̀ jáde, díẹ̀díẹ̀.

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti di aró. Ní ẹ̀yìn ọwọ́ náà, àmì ìka mẹ́rin wà níbẹ̀.

Ó bọ́ fìlà. Ó wo Ìyá àgbà, ó tẹrí ba fún un, ó bọ́ síta. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n máa lọ, pé wọn ò ní gbé nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ máa ń wà nínú àpò bó bá ń wàásù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Avril bi í pé kí ló bá níbẹ̀. Clifford wo ọwọ́ náà.

"Ọwọ́ rẹ̀ gbóná," ó ní.

Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n dẹ́kun fífi ìjàkadì hàn. Ìyá àgbà kú, Edna náà sì tẹ̀ lé e. Ṣọ́ọ̀bù tó háyà tẹlifísọ̀n fún wọn kógbá sílé, ẹnikẹ́ni ò wá béèrè rẹ̀. Avril lọ́kọ, ó bí ọmọ kan, ọkọ rẹ̀ lọ. Kò kúrò nílé yẹn. Ohunkóhun tí wọ́n bá ń fi hàn ní aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé, bọ́ọ̀lù ni o, ẹṣin ni o, ó ń ròyìn rẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

Ní ọdún 2011, ìjọba pa tẹlifísọ̀n àtijọ́. Joanne, ọmọ Avril, gbé tuntun wá fún un, èyí tó rí pẹlẹbẹ bí àtẹ.

"Mọ́mì, ó ti parí o. Kò sí nǹkan kan nínú afẹ́fẹ́ mọ́ tí àpótí yẹn lè gbà. Wọ́n ti pa á."

"Ta ló pa á?"

"Ìjọba."

"Ìjọba ò bi mí léèrè. Gbé nǹkan ẹ sí kíṣìnì."

Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, òun nìkan ló wà nílé. Aago mẹ́rin lù. Ó tẹ̀ ẹ́. Òórùn eruku dé. Yìnyín ló tẹ̀ lé e. Ó dúró. Okùn áńtẹ́nà wà nílẹ̀, ó ká jọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Okùn ò mira.

Ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ìbínú gba ipò ẹkún. Ọdún mọ́kàndínlógójì! Kí àwọn kan jókòó sí London, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì, kí wọ́n ní bàbá òun ti parí? Ó jókòó sí ààyè rẹ̀ lórí àga gígùn. Ó tẹjú mọ́ yìnyín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìjàkadì tí kò sí níbẹ̀.

"Olórí pípá ló ń borí, Dádì! Ó ti gbé e ṣánlẹ̀! Dìde, òpònú! Rẹfirí, ṣé o fọ́jú ni?" Ó ń pariwo bí Ìyá àgbà. Ó pariwo títí ọ̀fun fi ń ta á. Ẹni tó ń kọjá lójú pópó dúró, ó wo fèrèsé, ó sì tètè kọjá lọ.

Ṣìììì náà dákẹ́.

Okùn gbéra nílẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó le.

Àwòrán tó jáde kì í ṣe ìjàkadì. Yàrá kan ni, ó ṣókùnkùn díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ iná èédú wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Avril ti dí ojú ààrò yẹn pa láti ogún ọdún. Àga gígùn kan wà níbẹ̀. Obìnrin arúgbó kan wà lórí rẹ̀, tó ń fi irin gún afẹ́fẹ́. Ìkejì fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọdébìnrin kan wà láàárín wọn, ọ̀rá búrẹ́dì ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí Avril. Ẹnu wọn ń ṣí, ariwo wọn ò jáde.

Ó pẹ́ kó tó yé e. Ohun tí ẹni tó bá dúró lẹ́yìn tẹlifísọ̀n máa rí nìyẹn. Òun ni bàbá rẹ̀ ń wò, ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Àwòrán náà mì díẹ̀, bí ìgbà tí ọwọ́ bá ń ro èèyàn. Lẹ́yìn náà ó dúró.

"Ta ló ń borí?"

Ẹ̀yìn tẹlifísọ̀n ni ohùn náà ti wá. Kò lọ sókè rárá.

Avril ò wo ẹ̀yìn. Ó nu ojú, ó gbórí sókè, ó sì dáhùn tagbáratagbára, kí òkè gbọ́, kí ìjọba pàápàá gbọ́.

"Àwa ni, Dádì. Àwa là ń borí."