Orúkọ Ta Ló Wà Nínú Ìwé Ilẹ̀ Wa?

Ọ̀dà pupa náà kò tíì gbẹ nígbà tí Morónkẹ́ dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Ara ògiri ilé rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú fèrèsé, ni wọ́n kọ ọ́ sí: ILẸ̀ ṢÓBỌ̀WÁLÉ NI ÈYÍ. Ẹ KÓ BÚLỌ́Ọ̀KÙ YÍN.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, mà." Dúrótìmí ni, àkọ́bí Tíṣà Ebenezer Ṣóbọ̀wálé tí wọ́n sin lóṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà. Ó na rìsíìtì ilẹ̀ kan sí i. "Orúkọ bàbá mi ló wà níbí. Bí ẹ bá rí tiyín, ẹ fi hàn mí."

Morónkẹ́ wò ó títí. "Ìwọ Dúrótìmí. Èmi ni mo pọ̀n ọ́ sáré lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí gìrì gbé ọ."

"Ẹ ṣeun, mà. Ìyẹn ò sí nínú rìsíìtì."

Ìdílé mẹ́sàn-án ló dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà sílẹ̀ ní Ṣàgámù, tí wọ́n pawọ́ pọ̀ ra ilẹ̀ ní orúkọ Tíṣà, alága wọn, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ onílé. Àáró ni wọ́n fi ń kọ́lé: gbogbo wọn á kọ́ ti ẹnì kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Ọdún márùn-ún ni Morónkẹ́, opó, fi bá ìdílé mẹ́jọ pọnmi, tó bá wọn po yẹ̀pẹ̀. Tirẹ̀ ló kẹ́yìn.

Ohun tó dùn ún jù ni pé ẹnì kan ti kìlọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ra ilẹ̀, Bẹ̀llò Fàsásì, olóbì ní Makun tóun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, béèrè pé, "Kí ló dé tí ẹ ò kọ orúkọ ẹgbẹ́?"

Morónkẹ́ fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn. "Bàbá Ìdíátù, obì tí ẹ̀ ń ṣà ló ń mú yín rí kòkòrò níbi tí kò sí. Tíṣà tó ń ka Bíbélì fún ìjọ, ṣé yóò gbé ilẹ̀ sá lọ ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Tíṣà kò gbé e sá lọ. Ó kú ni.

Morónkẹ́ àti Bẹ̀llò lọ bá Olúkẹ́mi Olúsànyà ní Ìkẹ́nnẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

"Ṣé ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba?"

"A ò ṣe é, ọmọ mi."

"Ṣé Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbì kan pé ti ẹgbẹ́ ni ilẹ̀?"

Bẹ̀llò fa ìwé ìpàdé yọ lábẹ́ agbádá. Ìlà méjì péré ló sọ pé ti ẹgbẹ́ ni ilẹ̀, Tíṣà sì fọwọ́ sí i.

"Èyí á jẹ́ kí ẹ lẹ́nu ọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́," ni Olúkẹ́mi wí. "Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà á pẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má gbé búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù títí adájọ́ yóò fi sọ̀rọ̀."

"Ilé mi ńkọ́?"

"Yóò dúró bó ṣe wà, mà."

"Òjò ni yóò máa gbébẹ̀ nìyẹn."

Bẹ̀llò kò sọ pé òun ti wí i. Ó ká ìwé ìpàdé náà, ó dá a padà sábẹ́ agbádá.

Òjò ọdún mẹ́ta ti rọ̀ sínú ilé náà báyìí, ẹjọ́ náà kò sì tíì parí. Yàtọ̀ sí ti Tíṣà, ìdílé méje tó ti kó wọlé tiwọn kò tíì fọkàn balẹ̀ sùn.

Ẹ̀yin ará wa, olóòótọ́ ènìyàn náà ń kú. Bí ẹ bá fẹ́ pawọ́ pọ̀ kọ́lé, ẹ kọ́kọ́ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kó wà nínú ìwé ilẹ̀, kì í ṣe ti alága, bó ti wù kó ṣeé fọkàn tán tó. Kí olórí ẹbí tó ta ilẹ̀ fọwọ́ sí i, kí awọnlẹ̀ sì wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sókè létí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó po sìmẹ́ǹtì.

Bí ẹnì kan bá sì dìde béèrè pé orúkọ ta ló wà níbẹ̀, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín.