Ike Fítámì Alhaji Sùnmọ́nù

Orí ẹní ìkírun ni Tàíbátù ti bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ó ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, òógùn sì bo gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni tí òjò pa. Ó pè é, kò dáhùn. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti gbé Alhaji Sùnmọ́nù dé ọsibítù kan nínú ìlú Ìjẹ̀bú-Òde. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ó ti kú.

Aránṣọ ni Alhaji. Ní Òkè-Àjé, àdúgbò rẹ̀, ìdílé tí kò rán agbádá fún kò pọ̀. Àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra láti ọjọ́ pípẹ́, ikú ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kì í sì í sábà gbé ọlọ́pàá wọlé. Ṣùgbọ́n Dókítà Raheemah tó tọ́jú rẹ̀ kò gbà pé àìsàn lásán ló pa á. Ó tẹ tésàn láago.

Inspẹ́kítọ̀ Ẹniìtàn ló wá. Obìnrin tí kò ga ni, kì í pariwo, ó sì ní ìwà kan tó máa ń dààmú òpùrọ́: bí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́, á máa wò ó.

"Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà ló máa ń pọ̀ jù lẹ́jẹ̀ rẹ̀," ni dókítà wí. "Ti Alhaji kò pọ̀. Ó ti lọ sílẹ̀ débi pé ọpọlọ rẹ̀ kò rí nǹkan lò mọ́. A fa ṣúgà sí i lára, ó gòkè díẹ̀, ó tún já wálẹ̀. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń fà á."

"Oògùn tí ẹ fún un ni?"

"Ó ti pa oògùn wa tì. Ó ní fítámì lòun ń lò."

"Ṣé fítámì lè ṣe irú èyí?"

"Rárá. Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ kọ fítámì fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un lẹ́sẹ̀ nígbà kan, ó ń tẹ̀ ẹ́ rìn kiri, kò mọ̀, àfi ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Oògùn àtọ̀gbẹ téèyàn bá lò pẹ́ lè mú kí irú fítámì kan dínkù lára, a sì fi ìyẹn kún oògùn rẹ̀. A fi kún un ni o. A ò ní kó fi rọ́pò rẹ̀."

Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ Alhaji kó tó kú, dókítà sì fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kan ní Èkó. Nítorí náà, Ẹniìtàn kò dí ìsìnkú lọ́wọ́. Wọ́n sin òkú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀, ní ọjọ́ kejì ni inspẹ́kítọ̀ dé Òkè-Àjé.

Mọ́rúfù, àbúrò olóògbé, kò jẹ́ kó jókòó tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ tí Rodiat ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé, bí kò bá lo oògùn ọsibítù, òun á fi sínú oúnjẹ fún un."

Rodiat ni ọmọ kan ṣoṣo tí Alhaji bí, tíṣà ni ní iléèwé kan nílùú. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Kò sá, kò sì bú ẹnikẹ́ni.

"Òótọ́ ni Bàbá Kékeré sọ," ló wí. "Mo sọ ọ́, mo sì ṣe é. Mo máa ń lọ hóró oògùn náà, mo máa ń dà á sínú ògì wọn láràárọ̀. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ wọn ò mọ nǹkan mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní àwọn ti rí fítámì. Mi ò lè máa wò wọ́n bẹ́ẹ̀." Ó gbé ojú sókè. "Èmi ni mo pa bàbá mi, àbí?"

Inspẹ́kítọ̀ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀.

"Mi ò tíì mọ̀. Lọ gbé oògùn náà wá."

Tàíbátù, tó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, yí ojú rẹ̀ kúrò lára ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Rodiat bá kí i, kì í dáhùn.

"Màmá, fítámì tí Alhaji ń lò ńkọ́?" ni Ẹniìtàn bi í.

"Ojú fèrèsé yàrá ló máa ń gbé e sí."

Wọ́n jọ wọ yàrá. Eruku wà lójú fèrèsé, àmì ìdí ike kan sì hàn níbẹ̀ róbótó, ó mọ́ tónítóní. Ike fúnra rẹ̀ kò sí. Tàíbátù wo abẹ́ ibùsùn, ó tú àpótí aṣọ, kò rí i. Ó búra pé òun rí i níbẹ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú ikú.

"Ṣé ó lò ó lálẹ́ ọjọ́ náà?"

"Ìlọ́po méjì ló lò. Ẹsẹ̀ ń jó o bí iná, ló bá pe Dókítà Fítámì lórí fóònù. Mo gbọ́ ohun tí ìyẹn sọ, torí Alhaji máa ń ṣí ohùn fóònù sókè. Ó ní kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ó lò ó, ó ní ebi ò pa òun, ó sì lọ sùn."

"Ta ni Dókítà Fítámì?"

"Timothy tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Kí n má purọ́, inspẹ́kítọ̀, fítámì yẹn ń ṣiṣẹ́. Àtìgbà tí Alhaji ti ń lò ó ni ẹ̀rọ tó fi ń wọn ṣúgà ti ń mú nǹkan tó kéré wá. Ó tún padà ń jẹ gàrí. Ó ń yọ̀ bí ọmọdé."

Ẹniìtàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde. Ó sọdá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tó kọjú sí ilé náà. Tabitha ló ni ín, lọ́wọ́ Alhaji ló sì ti kọ́ṣẹ́. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Èèyàn dáadáa ni," ni Tabitha wí. "Ohunkóhun tó bá ní, á fúnni níbẹ̀. Kódà, ó bu lára fítámì rẹ̀ fún mi, ó ní ó máa lé rírẹ̀ ara lọ. Ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á."

"Kí ló ṣe yín?"

"Àárọ̀ ni mo lò ó, kí n tó jẹun. Kò pẹ́ rárá, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, mi ò lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Òógùn bò mí, òòyì ń kọ́ mi, ebi kan gbé mi tí mi ò rí irú ẹ̀ rí. Mo mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, ara mi bá wálẹ̀. Mi ò lò ó mọ́."

"Ṣé ẹ ní àtọ̀gbẹ?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ara mi le."

"Ẹ ti da ìyókù nù?"

Tabitha fa àpótí kékeré tó wà lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó mú àkísà ańkárá kan jáde, ó tú u. Kápúsù díẹ̀ wà níbẹ̀ láàárín bọ́tìnì. Ẹniìtàn gbà wọ́n.

"Nígbà tí wọ́n gbé Alhaji lọ sí ọsibítù, ṣé ẹnì kan wọ ilé rẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kan, àfi Dókítà Fítámì. Mo sọ fún un pé wọ́n bá Alhaji nílẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ. Ó ní òun á wọlé lọ gbàdúrà fún un. Kò pẹ́ tó jáde, kò tilẹ̀ dágbére."

Ṣọ́ọ̀bù Timothy mọ́, ó sì tutù. Ike funfun tò lórí pẹpẹ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, lẹ́tà ńlá ni wọ́n sì fi kọ ọ́ sára ògiri pé: ÀTỌ̀GBẸ KÌ Í ṢE ẸJỌ́ ỌSIBÍTÙ. Ọkùnrin náà wọ aṣọ funfun bíi ti dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ abánitajà ní kẹ́míìsì kan ló ti ṣe rí kó tó dá dúró.

"Ikú Alhaji dùn mí," ló wí. "Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ ṣe? Àìsàn là ń wò, ẹnìkan kì í wo ikú."

"Ìgbà wo lẹ dé ilé rẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Ó ti pẹ́. Ẹ̀yìn ìsìnkú ni mo tó gbọ́ pàápàá."

"Kí ló wà nínú fítámì yín?"

"Fítámì náà ni. Ọmọdé lè lò ó."

"Ẹ fún mi ní ọ̀kan kí n fi ṣe àyẹ̀wò."

Ike tó wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn Timothy, ó lè nawọ́ mú un láìdìde. Kò mú un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa páálí kan lábẹ́ káńtà, ó sì mú ike kan jáde níbẹ̀. Ẹniìtàn gbà á, ó dúpẹ́. Nígbà tó ń jáde, ó mú òmíràn lórí pẹpẹ, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kí ènìyàn lò ó kó tó jẹun, ó sì dá a padà síbẹ̀.

Èsì ẹ̀jẹ̀, ti kápúsù Tabitha àti ti ike Timothy dé láti Èkó kó tó di ọjọ́ kẹjọ ikú. Inspẹ́kítọ̀ kà á, ó tún pe Dókítà Raheemah lórí fóònù, ó bi í ní ìbéèrè kan nípa oògùn tó wà lọ́wọ́ Rodiat. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ sí Timothy pé ìdílé Alhaji ń retí rẹ̀ níbi àdúrà fídáù.

Àwọn àlejò ti túká nígbà tó dé. Tàíbátù, Rodiat àti Mọ́rúfù nìkan ló kù ní pálọ̀, pẹ̀lú inspẹ́kítọ̀. Kọ́ńsítébù kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹniìtàn ní kí Timothy jókòó. Ó gbé àwo pẹrẹsẹ kékeré kan síwájú rẹ̀. Méjì nínú kápúsù tó gbà lọ́wọ́ Tabitha ló wà nínú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Timothy, ẹ dá a mọ̀?"

"Ẹrù mi ni."

"Rodiat yìí ń bẹ̀rù pé òun ló pa bàbá òun. Ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì mì, ìlọ́po méjì tí ẹ ní kí Alhaji lò."

Timothy rẹ́rìn-ín. Ó kó kápúsù náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó wo inspẹ́kítọ̀, ó wo omi tó wà lórí tábìlì, ó sì wo abọ́ ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n bò sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mi ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun."

"Ara ike yín ni ẹ kọ ọ́ sí pé kéèyàn lò ó kó tó jẹun."

Timothy dákẹ́. Inspẹ́kítọ̀ náà dákẹ́. Nígbà tó pẹ́, ó na ọwọ́, ó sì gba kápúsù méjèèjì padà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e mì. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Fítámì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ oògùn àtọ̀gbẹ kan mọ́ ọn, èyí tó máa ń fipá fa ṣúgà wálẹ̀, tí kẹ́míìsì kò gbọ́dọ̀ tà láìsí ìwé dókítà. Òun náà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ Alhaji. Ohun tó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fura ni Tabitha. Ara rẹ̀ le, kò ní àtọ̀gbẹ, ó lo fítámì yín, ó ń gbọ̀n, ó ń làágùn, ohun dídùn ló sì gbà á sílẹ̀. Fítámì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Alhaji lo ìlọ́po méjì rẹ̀, ó sùn láìjẹun, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ohun dídùn ló yẹ kí wọ́n fi sí i lẹ́nu kíá."

"Bóyá àwọn tó ń kó o wá fún mi ló—"

"Nígbà tí mo ní kí ẹ fún mi ní ọ̀kan, ẹ fi ti orí pẹpẹ sílẹ̀, ẹ mú ti abẹ́ káńtà. Ilé àyẹ̀wò ní fítámì gidi ló wà nínú ìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ kò lè ṣà á. Ẹ sì ní ẹ̀yìn ìsìnkú lẹ tó gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé Alhaji kò tíì kú nígbà tí ẹ wọ yàrá rẹ̀ lọ gbé ike lójú fèrèsé. Ká ní ẹ gba ọsibítù lọ láàárọ̀ yẹn, kí ẹ sì sọ ohun tó lò fún dókítà, bóyá à bá má jókòó síbí. Ike lẹ yàn."

Timothy fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

"Fítámì gidi ni mo fi bẹ̀rẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Wọ́n ń dá a padà fún mi. Wọ́n ní ṣúgà àwọn kò wálẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni."

Kọ́ńsítébù mú un jáde. Kò sẹ́ni tó ṣépè. Mọ́rúfù wo Rodiat bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wá mú fìlà rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

"Oògùn tí o fi sínú ògì kì í ṣe irú ti Timothy," ni Ẹniìtàn wí fún Rodiat. "Mo bi dókítà. Ó ní oògùn yẹn nìkan kì í fa èèyàn lulẹ̀ báyẹn. Ìwọ kọ́ lo pa á."

Rodiat kò yọ̀.

"Ṣùgbọ́n nǹkan kan náà lèmi àti Timothy ṣe," ló wí. "Àwa méjèèjì la fún wọn lóògùn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Inspẹ́kítọ̀ kò jiyàn. Ó ní iṣẹ́ níwájú: àwọn tó ra ike náà wà ní Odògbolú, wọ́n wà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní fẹ́ dá a padà, torí pé ó ń fa ṣúgà wálẹ̀. Ó dìde, ó kí wọn kú àṣẹ̀yìndè, ó jáde.

Ìyá àti ọmọ nìkan ló kù. Rodiat bẹ̀rẹ̀ sí kó àwo.

"Rodiat," ni Tàíbátù pè.

Àwo dúró lọ́wọ́ Rodiat. Ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ ni kò ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀n, Màámi."

"Òùngbẹ ń gbẹ mí láti ìjọ́ yìí. Tó bá di lóru, mo máa ń dìde lọ tọ̀ ní àìmọye ìgbà. Mi ò sọ fún bàbá rẹ." Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Lọ́la, mú mi lọ bá dókítà yẹn. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí n lò, má fi sínú ògì. Kó o sí àtẹ́lẹwọ́ mi, kí n fi ojú mi rí i."

Rodiat gbé àwo sílẹ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀.